Irin Inú Èjìká Àgùntàn

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Ilé ìwòsàn pè mí. Kíndìnrín mi tí mo fẹ́ fún bùrọ̀dá mi bá tirẹ̀ mu. Ẹ̀jẹ̀ mi ni kò tó. Dókítà ní irin inú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù, nítorí nǹkan oṣù mi tó ń ya bí omi ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó máa fi ọ̀bẹ kan ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ó di ìgbà tó bá gòkè.

Ẹ̀rín pa mí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ lífítì wò nínú àwọn ilé gíga — okùn irin, ìdè irin, ojú irin. Àárín irin ni mo wà látàárọ̀ dalẹ́. Kò sí èyí tó ráyè wọnú ẹ̀jẹ̀ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Má-jẹ ní kí n wá sí ọ́fíìsì òun. Onímọ̀ oúnjẹ tó ń bójú tó bùrọ̀dá mi ni. Àwa la sọ ọ́ ní Má-jẹ nínú ilé, torí pé gbogbo ohun tí ẹnu ń fẹ́ ló ti ní kí bùrọ̀dá má jẹ: má jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, má mu omi ọbẹ̀, má fọwọ́ kan iyọ̀. Lónìí ó kọjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀yin ní tiyín, ẹ máa jẹ." Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì sí i lẹ́nu.

Èjìká ọ̀dọ́ àgùntàn, ló wí. Kí a rọra sè é nínú omi díẹ̀, kí ìdérí wà lórí rẹ̀ títí ẹran á fi máa yọ lára egungun. Irin inú ẹran pupa máa ń tètè wọra ju ti ẹ̀fọ́ lọ. Èròjà tó ń mọ ara wà níbẹ̀, fítámì B12 tó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ wà níbẹ̀, síńkì náà wà. Ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ — kí a kó o dànù. Kí n má fi tíì sìn ín, torí tíì ń dínà mọ́ irin. Kí n fi ọsàn lé e. Kí n má sì tìtorí ẹran gbàgbé oògùn.

Mo gbọ́.

Ọjọ́ Rú, 5
Ọ̀gá Ṣíbí ti gbọ́. Bùrọ̀dá mi nìyẹn. Olórí alásè ni ní òtẹ́ẹ̀lì kí kíndìnrín tó dá a jókòó, kó tó di pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó pè mí: "Má ra ẹran kankan o. O ò mọ ẹran sè. Tìẹ máa ń dà bíi bàtà." Kò parọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Kíṣìnnì bùrọ̀dá mi. Mo jókòó, mo ń wò ó. Ó gé lára ọ̀rá èjìká àgùntàn náà kúrò, kò gé gbogbo rẹ̀ — ó ní ẹran tí kò lọ́ràá rárá dà bí àdúrà tí kò ní àmín. Ó yí i nínú epo gbígbóná títí gbogbo ara rẹ̀ fi pọ́n. Àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì, tòmátì. Omi tí kò bo ẹran mọ́lẹ̀. Ó dé e, ó dín iná kù, ó wá jókòó, ó ń mí bí ẹni tó sáré.

Kò lè tọ́ ọ wò. Omi ẹran àti tòmátì ò bá kíndìnrín rẹ̀ mu. Ìyàwó wa, aya rẹ̀, ló ń bá a tọ́ iyọ̀ wò. Bùrọ̀dá a ṣí ìdérí, a gbóòórùn rẹ̀, a ní, "Ó ku díẹ̀." Bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa ń rí.

Mo jẹ àwo kan. Ó ń wo ẹnu mi bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Èyí tó kù sùn sínú fíríìjì. Ní àárọ̀, ọ̀rá ti dì lókè rẹ̀ bí àbẹ́là. Ó fi ṣíbí ká a kúrò. "Ibi tí àrùn ọkàn ń sá pamọ́ sí nìyẹn," ló wí.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Ẹran. Oògùn. Ọsàn. Ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà. Dókítà ní oògùn irin ló fà á.

Ọjọ́ Rú, 19
Òòyì kọ́ mi lórí àpótí lífítì, lókè téńté. Mo di okùn mú. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n sọ̀kalẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀.

Ọjọ́ Bọ̀, 20
Mi ò mọ ẹnu tó gbé e dé etí Ọ̀gá Ṣíbí. Kò bá mi wí. Ó kàn bi mí pé ìgbà wo ni òòyì yìí ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní ó ti pẹ́, kí ọ̀rọ̀ kíndìnrín tó délẹ̀ rárá. Ó ní, "Àbúrò, o wá ń gun òkè ilé kiri láìlẹ́jẹ̀ lára." Mo ní mi ò mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 23
Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lù ú bolẹ̀ lánàá. Síbẹ̀ ó fẹ́ dìde dáná. Ìyàwó wa ní, "Àǹtí mi, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó jókòó." Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní tí òun bá máa jókòó, kí n wá yí ẹran náà fúnra mi. Mo yí i. Mo jó o. Ó mú ègé kékeré kan — ìwọ̀nba ẹran ò ṣe é ní nǹkan — ó jẹ ẹ́ pẹ́. Ó ní, "Ẹran yìí kú ikú méjì." Ìyàwó wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn.

Ọjọ́ Ajé, 31
Ẹ̀jẹ̀ mi ń gòkè. Kò tíì pé.

Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Kẹrin
Ẹ̀jẹ̀ mi pé. Dókítà ní wọ́n lè mú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Má-jẹ bọ̀ mí lọ́wọ́.

Mo gba ilé bùrọ̀dá lọ tààrà. Ó ń fọ ìkòkò. Mo sọ fún un. Ó ní, "A dúpẹ́." Ó ń fọ̀ ọ́ lọ. Ìgbà tó yá ló ní, "Mi ò ní gbà á o."

Mo ní kí ni. Ó ní kíndìnrín. Ó ní ọjọ́ tí òun gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ mi ò tó lòun ti pinnu pé wọn ò ní là mí nítorí òun. Àmọ́ tóun bá sọ ọ́ nígbà náà, mi ò ní tọ́jú ara mi. Mo kàn máa gun òkè ilé lọ títí n ó fi já bọ́. Ó fẹ́ kí n jẹun ni. Mo béèrè pé ta ni mo wá ń jẹ ẹran fún látọjọ́ yìí. Ó ní, "Fún ara rẹ." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "O kéré nígbà tí ìyá wa kú. Èmi ni mo bọ́ ọ. Àgùntàn lèèyàn ń bọ́ kó lè pa á jẹ. Ìwọ kọ́."

Ìyàwó wa wà lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ fi hàn pé òun náà ò mọ̀.

Mo gbé báàgì mi. Mi ò dágbére.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15
Inú ń bí mi.

Ọjọ́ Bọ̀, 17
Mo ní kí dókítà má yọ orúkọ mi kúrò lára àwọn tó fẹ́ fún èèyàn ní kíndìnrín. Ó ní kò sẹ́ni tó lè fipá fún èèyàn ní kíndìnrín. Mo ní mo mọ̀. Kí ó má ṣáà yọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 20
Mo lọ. Mo ní, "Bùrọ̀dá, ẹ tàn mí." Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, "Ẹ ní ẹ ò fẹ́ jẹ mí. Èmi náà ò fẹ́ sin yín."  A jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sẹ́ni tó tan iná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22
Ìyàwó wa pè mí láti ilé ìwòsàn, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ní bí nọ́ọ̀sì ṣe ń yọ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ bùrọ̀dá lórí ẹ̀rọ, bùrọ̀dá dédé bi í pé ṣé ojú abẹ máa ń dun ẹni tó fún èèyàn ní kíndìnrín pẹ́. Nọ́ọ̀sì ní ó máa ń dùn ún fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á jinná. Bùrọ̀dá ní, "Fúngbà díẹ̀ ṣáá?"  Ó ní kí wọ́n bá òun mú bàtà òun wá.

Ó ti ń lọ síbẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Kò bi wọ́n ní nǹkan kan rí.