Òpó Rédíò Lórí Ààtàn

Ọjọ́bọ̀, àdúgbò Ladjifarani.

Sìmẹ́ǹtì àti irin ti gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta sẹ́fà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ló kù lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rá àti àpáàdì ni Ràfíù, màsọ́ǹ tó ń bá wa mọlé, ń hú jáde nínú kòtò tí mo fẹ́ ri òpó irin tí yóò gbé eriali rédíò mi sí. Ìyá mi yọjú láti yàrá wọn.

"Ibẹ̀ la ti wa amọ̀ tí a fi mọ ilé yìí. Ààtàn la fi dí i. O bi gbogbo ayé, o ò bi mí."

Ràfíù ju ṣọ́bìrì sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá da kọnkéré sórí ààtàn, ìjì kan ló máa wó òpó yín lu yàrá Màmá."

Kò sí àyè mìíràn nínú ọgbà. Mo ní kó dí i padà. Sìmẹ́ǹtì náà yóò gan sínú àpò rẹ̀…

Owó iṣẹ́ Ràfíù jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo kó mẹ́jọ náà fún un. Mo ṣì jẹ ẹ́ ní gbèsè ẹgbẹ̀rún méje.