Ìkíni Mẹ́sàn-án Tí Kò Ní Rìsíìtì

Èmi, Gabriel Ọlọ́runtọ́ba Dúrótoyè, ọmọ bíbí Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, tí ń gbé ní àdúgbò Odò-Ọjà, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, bọ́sà (akápò) ilé-ẹ̀kọ́ girama tó ti fẹ̀yìn tì, olùdásílẹ̀ ilé-iṣẹ́ Ẹ̀ríwà, ni mo ní kí a kọ ìwé ìhágún yìí. Ara mi kò le mọ́, ṣùgbọ́n orí mi pé. Láàárọ̀ òní mo ka orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélọ́gọ́ta láìwo ìwé. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo gbàgbé, mo sì rántí rẹ̀ kí n tó mu ẹ̀kọ tán. Kò sí ẹni tó fi ipá mú mi, kò sì sí ẹni tó fi ẹnu dídùn tàn mí. Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í ṣe ẹni à ń tàn.

1. Mo fagi lé ìwé ìhágún tí mo ṣe ní ọdún 2018. Ìbínú ni mo fi kọ ọ́. Orúkọ àbúrò mi, Monísọ́lá, kò sí nínú rẹ̀ rárá, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni.

2. Àwọn tí yóò mú ìwé yìí ṣẹ ni ọmọ mi obìnrin, Ògoolúwa, àti agbẹjọ́rò mi, Adéọlá Àrínọlá. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ìwé yìí sínú dúrọ́ọ̀ títí di ẹ̀yìn ogójì ọjọ́. Ní ọjọ́ ìsìnkú mi gan-an ni kí ẹ kà á, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó tú ká. Níwájú wọn ni mo ti ba orúkọ Monísọ́lá jẹ́. Níwájú wọn náà ni kí a ti tún un ṣe.

3. Ilé mi ní Odò-Ọjà, mo fi í fún Ògoolúwa àti àbúrò rẹ̀, Fẹ́mi, lápapọ̀. Ẹ má tà á. Ẹ má sì wó gáréèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni Ẹ̀ríwà ti bẹ̀rẹ̀.

Gáréèjì yẹn kò gba ọkọ̀ rí. Àpò gàrí ìyá yín ló máa ń wà níbẹ̀. Nígbà tí Ògoolúwa ń wá ibi tí yóò gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí, ìyàwó mi, Felicia, kó àwọn àpò náà lọ sí yàrá wa láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́, a sì sùn ti gàrí fún ọdún kan gbáko. Mo ráhùn ní gbogbo ọdún náà. N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó kú ní oṣù kìíní ọdún 2017. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi, n kò sì sọ ọ́ tó.

4. Ewúrẹ́ mẹ́fà tó wà lẹ́yìnkùlé, tí wọ́n jẹ́ ọmọ-ọmọ ewúrẹ́ Felicia, mo fi wọ́n fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ìjọ wa. Kí wọ́n máa sìn wọ́n, kí wọ́n má tà wọ́n fún ẹlẹ́ran. Ìyá-ìyá wọn jẹ fáúṣà mi mẹ́ta, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ìnáwó, ní ọdún 2015, mo sì lé e dé àdúgbò Àfáò pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Gbogbo àdúgbò fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ti dárí jì í.

5. Ìpín mi nínú ilé-iṣẹ́ Ẹ̀ríwà. Mo fi ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún fún Ògoolúwa, ìdá ogún fún Fẹ́mi, ìdá ọgbọ̀n tó kù sì wà ní ìpín keje ìwé yìí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta ilé-iṣẹ́ náà láìjẹ́ pé gbogbo àwọn tó ni ìpín fọwọ́ sí i.

Fún ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ wa, n ó ṣàlàyé. Kò sí ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kì í náwó lójú ọ̀nà. Dírébà yóò ra epo, yóò san owó fún àwọn tó bá a já ẹrù. Ẹni tí a rán níṣẹ́ yóò gun ọ̀kadà. Orí áàpù wa ni wọ́n ti ń sọ ohun tí wọ́n ná, kí ọ̀gá wọn lè rí i, kí ó sì dá a padà fún wọn. Ọdún 2014 ni a bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ilé búrẹ́dì kan ní Ìkẹ́rẹ́ tí mo ń bá wo ìwé ìnáwó lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì. Ìwé náà sú mi, Ògoolúwa sì ní òun lè fi kọ̀ǹpútà ṣe é. Òun ló ṣe áàpù náà. Èmi ni mo ṣe òfin rẹ̀: láìsí rìsíìtì, kò sí owó.

Òfin mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Lọ́dún kejì, oníbàárà mọ́kànlá péré la ní, mẹ́rin nínú wọn sì ti ń kó ẹrù wọn. Ta ni alábàárù tó ń fúnni ní rìsíìtì? Ọlọ́kadà wo ló ní ìwé? Monísọ́lá, tó ń gun alùpùpù káàkiri láti wá oníbàárà fún wa, ló wá sọ pé ní ilẹ̀ wa, èèyàn la fi ń jẹ́rìí, kì í ṣe bébà. Ó ní kí ẹni tó náwó kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó wà níbẹ̀. Kí áàpù fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí onítọ̀hún, kí òun náà sì fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta dáhùn: Mo wà níbẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọ̀rọ̀ abúlé ni. Ògoolúwa kò bá mi jiyàn, ó kàn lọ ṣe é. Kí ọdún tó yípo, oníbàárà wa ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Lónìí, ó lé ní ẹgbàá ilé-iṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà tó ń lò wá, ohun tí wọ́n sì ń tìtorí rẹ̀ wá ni ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn.

Fẹ́mi, má bínú sí ogún tó kàn ọ́. Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ pé áàpù inú gáréèjì kò lè kọjá Adó. Ìwọ náà lo mú àwọn olówó wá láti Èkó lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n ní àwọn yóò ra wá, àwọn yóò sì yọ ẹlẹ́rìí kúrò nítorí pé kò jọ iṣẹ́ ńlá. Ọmọ dáadáa ni ọ́, ṣùgbọ́n o máa ń kánjú. Mo tún fi ẹ̀rọ ìṣírò mi àtijọ́ kún un fún ọ, kí o lè máa fi rántí pé iṣẹ́ ńlá ń bẹ̀rẹ̀ ní kékeré.

6. Alùpùpù Suzuki tó wà nínú gáréèjì, mo fi í fún Ṣèyí, ọmọ Monísọ́lá. Ìyá rẹ̀ ló gùn ún dé Ìsẹ̀, Ẹ̀mùré, Ìrò àti Ẹ̀gbẹ́ nígbà tí a kò ní ọkọ̀. N kò jẹ́ kí ẹlòmíràn gùn ún láti ọdún 2017. Ẹ bá mi pààrọ̀ táyà rẹ̀ kí ẹ tó gbé e fún un.

7. Ọ̀rọ̀ Monísọ́lá Ọláyẹmí, ọmọ ìyá mi.

Àwọn oníbàárà nìkan ni mo gbà kí wọ́n máa lo ẹlẹ́rìí. Nínú ilé-iṣẹ́ tiwa, rìsíìtì ni mo ṣì ń béèrè. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, oṣù méjì lẹ́yìn tí a sin Felicia, mo yẹ ìnáwó ọdún kan sẹ́yìn ti àwọn òṣìṣẹ́ wa wò. Mo rí mẹ́sàn-án tí Monísọ́lá kọ Ìkíni sí gẹ́gẹ́ bí ìdí tó fi náwó. Kò sí rìsíìtì fún ọ̀kankan. Ó kọ orúkọ ẹlẹ́rìí sí mẹ́jọ, ó fi ààyè ìkẹsàn-án sílẹ̀ lófìfo.

Mo pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, mo sì pè é ní olè lójú wọn. Ó ní kí n jọ̀ọ́ pe àwọn tí òun kọ orúkọ wọn. Mo ní n kò ní fi fóònù mi wádìí olè. Èmi tí mo ń ta ẹlẹ́rìí fún gbogbo ayé, n kò pe ẹyọ kan. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ alùpùpù lé orí tábìlì, ó lọ bá ọkọ rẹ̀ lóko ní Àìsẹ̀gbà, ó sì di ọdún mẹ́jọ tí a ti gbóhùn ara wa mọ. Ẹyin lohùn. Mo mọ òwe yẹn kí n tó la ẹnu.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí Ẹ̀ríwà pé ọdún mẹ́wàá, mo lọ kí àwọn oníbàárà wa àkọ́kọ́. Ní Ìsẹ̀, Alàgbà Adéwùnmí tó ń ra kòkó bi mí léèrè obìnrin orí alùpùpù. Mo ní kò sí lọ́dọ̀ wa mọ́. Ó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa áàpù nígbà tí òun gbà á. Ọjọ́ tí òun sin ìyá òun ni obìnrin náà gbé iṣu wá, tó dúró ti òun létí sàréè nínú òjò títí wọ́n fi bo ilẹ̀. Ó ní ẹni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ kò lè fi ẹ̀rọ rẹ́ òun jẹ.

Mo délé, mo wá ìwé ìnáwó tí mo yẹ̀ wò lọ́dún 2017. Orúkọ Adéwùnmí ló ṣìkejì. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wa ọkọ̀ káàkiri. Mo dé ilé àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀je tó kù: ìsọmọlórúkọ ní Ẹ̀mùré, òkú ní Ìrò, ẹni tí iná jó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́. Kò sí ẹni tó gbàgbé rẹ̀. Gbogbo wọn ló sọ pé òótọ́ ni, ó wá, kò sì wá lásán. Ìyá wa ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀ nígbà tí a wà ní kékeré. A máa ní, “A kì í mú ọwọ́ òfo wọ ulé àgbà.” Èmi ni àkọ́bí, èmi ni mo gbàgbé.

Ó ku ìkẹsàn-án. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: Ìkíni, oúnjẹ àwọn oníbàárà tó wá sí ilé ọ̀fọ̀. Mo wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Ọjọ́ kejì ìsìnkú Felicia ni. Ilé mi ni ilé ọ̀fọ̀ náà. Mo jẹ nínú iyán yẹn, mo tún bu ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, mo rò pé àwọn ìyá ìjọ ló gbé e wá. Orúkọ tí ì bá kọ sí ààyè òfìfo yẹn, orúkọ tèmi ni. Ojú tì í láti ní kí ọlọ́fọ̀ wá jẹ́rìí oúnjẹ tó jẹ. Mo jókòó sínú ọ́fíìsì mi, mo sunkún bí ọmọdé.

Monísọ́lá, o kò jalè. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọ. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ, lọ́wọ́ ọkọ rẹ, àti lọ́wọ́ Ṣèyí tí wọ́n fi orúkọ yẹn bú nílé-ìwé. Mo fi ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ilé-iṣẹ́ Ẹ̀ríwà fún ọ, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni a fi kọ́ ọ.

8. Òǹtẹ̀ onírọ́bà tó wà lórí tábìlì mi, tí a kọ KÒ SÍ Ẹ̀RÍ sí, kí ẹnikẹ́ni má jogún rẹ̀. Ẹ fi òòlù fọ́ ọ.

9. Àtúnṣe sí ìpín keje, tí a fi kún un lónìí kí n tó fọwọ́ síwèé.

N kò ní ìgboyà láti lọ sí Àìsẹ̀gbà. Ògoolúwa ni mo fi ìwé yìí rán láti lọ kà fún Monísọ́lá. N kò retí èsì. Láàárọ̀ yìí, àbúrò mi wọlé fúnra rẹ̀, ó gbé iṣu mẹ́fà àti ìgò epo kan lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, n kò sì mọ ibi tí n ó gbé ojú mi sí.

Ó bi agbẹjọ́rò wa bóyá ẹni tí a fún ní ogún lè ṣe ẹlẹ́rìí ìwé ìhágún. Adéọlá ní òfin kò gbà á. Bó bá fi lè fọwọ́ sí i, ogún náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Monísọ́lá ní kí ó fa igi lé ogún náà, kí ó kọ orúkọ òun sí ìsàlẹ̀. Mo ní kí ó ro ó dáadáa, pé ìdá ọgbọ̀n ilé-iṣẹ́ yìí kì í ṣe nǹkan kékeré. Ó dá mi lóhùn pé kì í ṣe dúkìá ni mo gbà lọ́wọ́ òun. Alùpùpù Ṣèyí nìkan ni kò kọ̀.

Nítorí náà, ìdá ọgbọ̀n yẹn di ti àpò kan tí a ó máa pè ní Àpò Ìkíni, lábẹ́ àkóso Ògoolúwa àti òṣìṣẹ́ méjì tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bá yàn. Òun ni kí àwọn òṣìṣẹ́ wa máa fi kí ènìyàn níbi ayọ̀ àti níbi ọ̀fọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ béèrè rìsíìtì. Kí ẹ béèrè ẹni tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì pè é.

Mo fọwọ́ sí ìwé yìí ní ilé mi ní Odò-Ọjà, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹjọ, ọdún 2025, lójú àwọn méjì tí orúkọ wọn wà nísàlẹ̀, tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ nígbà kan náà, tí àwọn náà sì fọwọ́ sí i lójú mi.

G. Ọ. Dúrótoyè

Ẹlẹ́rìí kìíní: Oyèbámijí Jẹ́jẹ́, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, aládùúgbò, Odò-Ọjà, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.

Ẹlẹ́rìí kejì: Monísọ́lá Ọláyẹmí, àgbẹ̀, Àìsẹ̀gbà-Èkìtì. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀: Mo wà níbẹ̀.