Géèmù Ìjà Tá A Jọ Máa Ń Gbá

Ọmọ ìyá mi, ẹni tí mo máa ń lù ní àlùbami nínú géèmù,

Wọ́n ní géèmù bọ́ọ̀lù lo ń gbá báyìí. Ojú tì ẹ́! Kò sí èyí tó tó géèmù ìjà wa ayé ìjọ́sí. Ìwọ á mú òmìrán oníkùn ńlá, èmi á mú ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́. Wàá tì mí mọ́ igun ògiri, ẹ̀ṣẹ́ á máa rọ̀ bí òjò, wàá máa rẹ́rìn-ín. Èmi á kàn lóṣòó, màá fọwọ́ borí, títí apá á fi ro ẹ́. Ìgbà yẹn ni màá tó dìde, màá sì gbá ẹ lulẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yẹn ò ṣòfò. Mò ń lò ó ní ilé ìdáná níbí, láàárín fíríìjì àti ògiri. Ọkọ mi náà máa ń rẹ́rìn-ín bíi tìẹ. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jù.

Ara mi le o, àfi eyín díẹ̀. Má pè mí lórí fídíò, kámẹ́rà ti fọ́.

Apá ti ń ro ó. Mo ti gbé ìkòkò irin sí ibi tọ́wọ́ mi ti lè tó o.

Bá mi kí Màmá. Tí wọ́n bá béèrè ọkọ mi, sọ pé títí di ìgbà tí mò ń kọ ìwé yìí, àlàáfíà ló wà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin