Fún Mi ní Ọjọ́ Mẹ́wàá Lára Ìsinmi Ọmọ Rẹ

Granträsk,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹjọ.

Jesper ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Stockholm? Tove ìyàwó rẹ ńkọ́? Signe ọmọ yín, ìyàwó tèmi, ńkọ́? Kí ọmú má gbẹ, kí oorun yín pọ̀ ju ẹkún ọmọ lọ. Ara èmi náà le, àfi orúnkún òsì tó máa ń sọ fún mi bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Pòtétò wa ta dáadáa lọ́dún yìí.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, pé ìsinmi tí wọ́n fún ọ torí ọmọ, ààbọ̀ ààbọ̀ lo ń gbà á: o ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀, o ń gbé ọmọ lọ́sàn-án. Mo kà á fún Sixten, olórí ẹgbẹ́ ọdẹ wa, nígbà tó wá mu kọfí. Ó bi mí pé apá wo lára rẹ gan-an ni bàbá ọmọ, ti òkè ni àbí ti ìsàlẹ̀. Mo ní ọwọ́ ni wọ́n fi ń pààrọ̀ ìlédìí, nítorí náà ti òkè ni. Ó rẹ́rìn-ín títí kọfí fi gba imú rẹ̀ jáde.

Àmọ́ èmi ro ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀. Bó o bá lo ààbọ̀ ọjọ́, ààbọ̀ kejì ńkọ́? Wọn ò lè dà á nù, ibì kan ní láti wà tí wọ́n ń kó o sí. Mo bá tẹ àwọn tó ń sanwó ìsinmi náà láago, mo ní kí wọ́n bá mi ṣa èyí tó kù jọ. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù sọ pé bàbá, ọjọ́ ṣì wà nílẹ̀ lóòótọ́, òbí sì lè fún bàbá àgbà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ fi hàn pé èmi ni èmi. Mo mú ìwé àṣẹ ìwakọ̀ mi, mo gbé e síwájú fóònù, mo dúró jẹ́ẹ́. Ó ní òun ò rí nǹkan kan. Mo tan iná sí i, ó ṣì ní òun ò rí i. Ojú ń dun ọmọbìnrin náà, mo sì gbà á níyànjú kó lọ ra awò ojú. Ó wá ní ìwọ lo máa fọwọ́ sí i, lórí fóònù tìrẹ.

Mo ti sọ fún Sixten pé mi ò bá wọn dọdẹ lóṣù tó ń bọ̀, kó fi àna rẹ̀ tó máa ń wúkọ́ yẹn sí ibùba mi. Ó ní ìwọ Holger, ọdún mọ́kànlélógójì tí o ò pa ọjọ́ ọdẹ jẹ rí, torí ìlédìí? Mo ní torí ìlédìí ni.

Jesper, nígbà tí wọ́n bí ọ, inú igbó tí a ti ń gé igi ni mo wà. Kò sẹ́ni tó fún mi ní ọjọ́ kan, èmi náà ò sì béèrè. Kí n tó dé, eyín méjì ti wà lẹ́nu rẹ. O wò mí, o figbe ta bí ẹni rí olè.

Nítorí náà, fún mi ní ọjọ́ mẹ́wàá. Bí owó epo mọ́tò bá lè tẹ̀ lé e, mi ò ní kọ̀ ọ́, ọ̀nà yín jìn. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ilé yín, kó sì jẹ́ kí Signe rí mi kó má ké.

Èmi ni bàbá rẹ,
Holger