Ẹni Tó Wà Nínú Abojúlẹ́yìn: Ìtàn Ìgbésí Ayé Alàgbà Ezekiel Fọláhàn (1953 sí 2025)

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú ẹ̀dùn, ẹ kú ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá láti Ọ̀mùò, ẹ̀yin ará Agége, ẹ̀yin ará Onígbòǹgbò, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ò mọ ẹ̀gbọ́n mi rí àmọ́ tẹ́ ẹ mọ Abojúlẹ́yìn, iwin inú fíìmù, mo kí gbogbo yín. Èmi ni Rótìmí, àbúrò olóògbé. Ẹbí ní kí n kọ ìtàn wọn. Mo ní ìwé mi ò pọ̀, wọ́n ní kí n sáà kọ ọ́ bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ó ṣojú mi. Ẹ̀yin kan sì wà láàárín wa tẹ́ ẹ ń sọ pé ká dáná sun Abojúlẹ́yìn kí òkú tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ kà á tán.

Ọdún 1953 ni wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi ní Ọ̀mùò-Èkìtì, lójúlé Fọláhàn. Bàbá wa, Jóṣúà Fọláhàn, àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n. Màmá wa, Abígẹ́lì, ọmọ Ìkọ̀lé ni. Ẹ fi ọkàn sí Màmá wa yẹn, torí a máa padà sọ́dọ̀ wọn. Igi kan ló ya lù wọ́n lóko kí wọ́n tó bí mi. Látìgbà náà, tí wọ́n bá ti dìde, wọ́n á fi ọwọ́ òsì ti ìbàdí, wọ́n á rọra yí ara díẹ̀ kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀. Tí àwa ọmọ bá ti ṣe ohun tí ò dáa, tá a wá rí òjìji yẹn lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ òsì ní ìbàdí, a mọ̀ pé ó ti tán fún wa. Ẹ̀rù wọn máa ń bà wá gan-an, a sì fẹ́ràn wọn ju oúnjẹ lọ. Ọdún 1991 la sin wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ilé-ìwé àwọn míṣọ̀n, wọ́n ka ìwé mẹ́fà jáde. Owó ò sí fún èyí tó kù. Lọ́dún 1972 wọ́n wá sí Agége, sọ́dọ̀ àbúrò Bàbá wa. Lọ́dún 1975 wọ́n rí iṣẹ́ sí kọ́ńpìnì fóòmù kan ní Ìkẹjà, wọ́n sì fà mí wọlé lẹ́yìn wọn. Àwọn ló ń gé fóòmù. Ẹ bá mi rí i, ọ̀bẹ gígùn tín-ín-rín lọ́wọ́ wọn, wọ́n á gé e bí ẹni ń gé búrẹ́dì. Ìkìlọ̀ kan ni ọ̀gá wa ń pariwo láràárọ̀, pé iná ò gbọdọ̀ dé sàkáání fóòmù. Fóòmù kì í jó bí igi. Ńṣe ló máa ń yọ́, á lẹ̀ mọ́ èèyàn lára, èéfín dúdú ẹ̀ nìkan tó gba ẹ̀mí. Ẹ rántí ìyẹn náà.

Lọ́dún 1980 wọ́n gbé Oyèníkẹ́ níyàwó, tíṣà ni ní Agége. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n jọ ń lọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fi ẹ̀gbọ́n mi joyè alàgbà. Ohùn wọn nínú kọ́áyà, ẹ̀yin náà gbọ́ ọ.

Nígbà tó di 1997, kọ́ńpìnì ní ká máa lọ sílé. Àsìkò yẹn ni àwọn onífíìmù gbòde. Iwin tí wọ́n ń lò nígbà náà, ẹfun àti imọ̀ ọ̀pẹ ni. Tó bá jáde, ẹ̀rín làwọn èèyàn ń rín. Ni dàréktọ̀ kan bá wá sílé wa pé ká bá òun ṣe èyí tó máa dẹ́rù bani. Bọ̀ọ̀dá mi gbé àjẹkù fóòmù kalẹ̀. Wọ́n gé orí, wọ́n gé àyà, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, wọ́n fi ike bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun ṣe eyín, wọ́n wá kó gbogbo ojú ẹ̀ sí ìpàkọ́, la bá sọ ọ́ ní Abojúlẹ́yìn. Dàréktọ̀ ti fẹ́ máa gbé e lọ, Bọ̀ọ̀dá ní, “Ẹ dúró, kò tíì tó. Ohun téèyàn ò rí rí, ẹ̀rù ẹ̀ kì í pẹ́ tán. Ẹ jẹ́ kó ní nǹkan kan tí kálukú ti rí nílé tiẹ̀.” Ni wọ́n bá kọ́ ẹni tó máa wọ̀ ọ́ bí Màmá wa ṣe ń dìde. Ọwọ́ òsì lé ìbàdí, á rọra yí ara, ojú ìpàkọ́ á wá kọjú sí yín.

Há! Agége dàrú. Àwọn ọmọ ń fi ọwọ́ lé ìbàdí ní gbogbo àdúgbò. Ẹni tó tìtorí ẹ̀ tọ̀ sílé lónìí, ló máa ṣáájú lọ ra apá kejì lọ́la. Mo bi Bọ̀ọ̀dá pé kí ló dé táwọn èèyàn ń fi owó ara wọn ra ẹ̀rù.

Wọ́n ní, “Rótìmí, tí Màmá bá ń bọ̀ nígbà yẹn, ṣé o máa ń sá ni àbí o máa ń yọjú?”

Mo ní, “Mo máa ń sá ni. Tí mo bá ti sá tán, mo máa ń yọjú.”

Wọ́n ní, “Ó parí.”

Ẹ jẹ́ n sọ bá a ṣe ń wọ̀ ọ́. Kò ní sípù, torí kámẹ́rà máa ń rí sípù. Ńṣe la máa ń rán ẹni tó bá wọlé mọ́ inú ẹ̀ pẹ̀lú okùn, lábẹ́ ojú ìpàkọ́ yẹn. Fóòmù la kì sí ẹnu ẹ̀ kó má baà wó. Ẹni tó wà nínú ẹ̀ ń gba ihò tóóró kan níwájú orí ẹ̀ ríran. Kò lè sọ̀rọ̀, kò sì lè dá bọ́ ọ. Èmi àti Bọ̀ọ̀dá nìkan la mọ ibi tí wọ́n ń tú.

Lọ́dún 2019, a ń ya fíìmù ní ilé ìkẹ́rù kan tó ti ṣófo, létí Agége. Ibà dá Mukhtar gúnlẹ̀, òun ló sì máa ń wọ Abojúlẹ́yìn fún wa. Bọ̀ọ̀dá ní àwọn máa wọ̀ ọ́. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, orúnkún ń dùn wọ́n. Oyèníkẹ́ ti sọ ọ́ láàárọ̀: “Bàbá Fọláyọ̀, tí nǹkan bá ṣe yín nínú ẹ̀, ta ló máa gbọ́?” Wọ́n ní, “Rótìmí wà níta.”

Mo rán wọn mọ́ inú ẹ̀. Kò pẹ́ ni jẹnẹrétọ̀ kú, gbogbo àwọn oníkámẹ́rà wá ẹni tó máa tún un ṣe lọ. Ooru mú. Bọ̀ọ̀dá ń fọwọ́ júwe afẹ́fẹ́ sí mi, mo bá mú wọn lọ dúró sábẹ́ igi lẹ́nu géètì, mo wọlé lọ wá omi. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló kọjú sí géètì yẹn. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ariwo ti gba Agége kan pé wọ́n ń jí ọmọ gbé. Àsìkò tí wọ́n ń jáde nílé-ìwé ló sì bọ́ sí.

Mo kàn gbọ́ ni: “Gbọ́mọgbọ́mọ! Ó ti para dà! Ẹ má jẹ́ kó lọ!”

Kí n tó dé géètì, èrò ti yí Bọ̀ọ̀dá ká. Òkò ń lọ gbì, gbì lára fóòmù. Mo yọ ọ̀bẹ kí n lè tú okùn yẹn. Àṣìṣe gbáà! “Èkejì ẹ̀ rèé! Ó mú ọ̀bẹ!” Wọ́n gbá mi lulẹ̀. Mo ń pariwo pé, “Èèyàn ni! Ẹ̀gbọ́n mi ni!” Ẹnì kan ní, “Ṣẹ́ ẹ gbọ́? Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni!” Bọ̀ọ̀dá fẹ́ sọ̀rọ̀, ohun tó gba ẹnu fóòmù yẹn jáde ni “hùùùn,” bíi ti màlúù. Èrò sá sẹ́yìn, wọ́n tún ya bò ó. Ẹnì kan ti yí táyà dé. Ọ̀dọ́kùnrin kan gbé kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù, ó ti ṣí ìdérí. Òórùn ẹ̀ dé imú mi. Ẹ̀yin èèyàn, mo mọ ohun tí fóòmù ń ṣe.

Bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe tiẹ̀, obìnrin kan wá mú ọmọ ẹ̀ níléèwé. Kùdírátù lorúkọ ẹ̀, Ìyá Uswat, òun ló ń kó fíìmù sínú fóònù àwọn èèyàn ní Computer Village, ọjà fóònù Ìkẹjà. Ó ti èrò sọ́tùn-ún sósì, ó kọjá síwájú.

“Ẹ dúró ná, ẹ̀yin oníkánjú! Ṣé Abojúlẹ́yìn kọ́ nìyí?”

“Ìyá, ẹ kúrò níbẹ̀ o!”

“Èmi tí mo ń kó o sínú fóònù yín, ẹ ní n kúrò? Ìwọ tó o gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn, ṣebí ọ̀dọ̀ mi lo ti gba apá kejì?”

Ọ̀dọ́kùnrin yẹn ní, “Tinú fíìmù nìyẹn. Èyí lè jẹ́ ojúlówó.”

Ìyá Uswat kọjú sí Abojúlẹ́yìn. Ó ní, “Tó bá jẹ́ ìwọ ni, dúró bó o ṣe máa ń dúró.”

Bọ̀ọ̀dá rọra gbé ọwọ́ òsì, wọ́n fi lé ìbàdí. Wọ́n yí ara, díẹ̀díẹ̀, títí ojú ìpàkọ́ fi kọjú sí gbogbo èrò. Mo wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ẹnu mi ń ṣẹ̀jẹ̀, Màmá wa ni mo rí.

Àwọn ọmọ iléèwé ló kọ́kọ́ hó: “Abojúlẹ́yìn!” Ni gbogbo ẹ̀ bá di ẹ̀rín. Kálukú yọ fóònù. Oníkẹ́ẹ̀gì gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, ó ń bẹ̀ mí pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya fótò èmi àti ẹ̀.”

Ẹ rò pé ó ti parí? Ibẹ̀ gan-an ni ikú wá súnmọ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ n tú u, wọ́n ní ó tì o. “Ẹ má bà á jẹ́! Àwọn ọmọ ń wò!” Kò sẹ́ni tó fẹ́ rí i pé èèyàn ló wà níbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ sun ún ló wá dì mọ́ ọn báyìí, ooru sì ń pa Bọ̀ọ̀dá lọ nínú ẹ̀. Mo rí ọwọ́ òsì yẹn tó yọ̀ kúrò ní ìbàdí. Orúnkún wọn tẹ̀. Èrò pàtẹ́wọ́! Wọ́n rò pé eré ni. Mo ń sunkún, wọ́n ní mo mọ eré ṣe.

Ìyá Uswat nìkan ni ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó pariwo: “Ẹ̀yin obìnrin, ẹ tú ìró yín!”

Ẹ mọ ìgbà tí wọ́n ń pe ìpè yẹn. Tí ọmọ bá mú aláboyún lójú títì ni. Kò sí obìnrin tó bèèrè ìdí. Ìyálọ́jà, tíṣà, alágbàfọ̀, kálukú tú ìró òkè, wọ́n fi ṣe ògiri, wọ́n kẹ̀yìn síta. Kò sọ́kùnrin tó jẹ́ kọjá ibẹ̀. Èmi nìkan ni wọ́n fà wọlé, torí ọ̀bẹ. Mo tú okùn yẹn. Orí Bọ̀ọ̀dá ló kọ́kọ́ jáde, òógùn bò wọ́n bí ẹni tí wọ́n yọ lódò, wọn ò mí. Ìyá Uswat gbá wọn lẹ́yìn gbàà. Wọ́n fa èémí, wọ́n ké.

Ìyá arúgbó kan tó di ìró mú, tó kẹ̀yìn sí wa, ní, “Akọ ni àbí abo?”

Ìyá Uswat ní, “Akọ ni, Ìyá. Ó ti hu irùngbọ̀n wá.”

Wọ́n fi ìró bò wọ́n lórí, wọ́n mú wọn jáde láàárín ara wọn. Àwọn kan ń bẹ ní Agége dòní tí wọ́n ń búra pé kò sẹ́nikẹ́ni nínú nǹkan yẹn.

Bọ̀ọ̀dá ò wọ̀ ọ́ mọ́, àmọ́ wọn ò dẹ́kun àtiṣe é. Gbogbo Iléyá ni ẹran ń ti ilé Ìyá Uswat wá, gbogbo Kérésì ni ìrẹsì ń lọ láti ọ̀dọ̀ wa. Lóṣù Kejì ọdún 2025, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n jókòó sórí àga wọn, wọn ò dìde mọ́. Wọ́n fi ìyàwó wọn Oyèníkẹ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ wọn Fọláyọ̀, Olúwaníyì àti Adéìfẹ́, àwọn ọmọọmọ, àti èmi.

Ní ti àwọn tó ní ká sun ún, Oyèníkẹ́ ti dá wọn lóhùn níṣojú gbogbo ẹbí. Ó ní, “Ẹ ò ní sun ún. Wọ́n ti fẹ́ sun ún nígbà kan, ọkọ mi ló wà nínú ẹ̀.”

Torí náà, tí ìsìn bá parí, tẹ́ ẹ bá délé, ẹ máa bá Abojúlẹ́yìn lẹ́nu géètì, ọwọ́ òsì lé ìbàdí. Ẹ má bèèrè ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ ya fótò. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí i tí ọwọ́ yẹn yọ̀ kúrò ní ìbàdí, ẹ̀yin obìnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú ìró yín.

Ẹ̀yin náà, ẹ fi tiyín ránṣẹ́ sí wa. Ibi tẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ rí Abojúlẹ́yìn, abẹ́ àga tẹ́ ẹ sá sí, ẹni tẹ́ ẹ dì mú. Ẹ sọ ọ́ sínú fóònù, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí Fọláyọ̀, nọ́ńbà ẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé yìí. A fẹ́ kí àwọn ọmọọmọ wọn gbọ́ ọ.

Bọ̀ọ̀dá mi, ó dìgbà. Oorun ire lẹ máa sùn. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, tẹ́ ẹ rí òjìji kan lẹ́nu ọ̀nà, tó fi ọwọ́ òsì ti ìbàdí, ẹ má sá o. Ẹ wọlé.