Mo Ń Ṣọ́ Ilẹ̀kùn Bàbá Oníbupá

                                        Abà Ọlọ́gẹ̀dẹ̀,
                                        Nítòsí Ẹgbẹ́dá,
                                        Ìbàdàn.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Keje, 1991.

Ọmọ́ṣọlá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lẹ wà nílé? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Joshua ńkọ́, ṣé èsì ìdánwò rẹ̀ ti jáde? Èmi náà ń mí, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí dé egungun. Má bínú pé o kò gbúròó mi láti ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti ní kí n wá kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà lábà yìí. N kò mọ ẹnì kankan níbí. O sì mọ̀ mí, kí n tó bá ẹni tí n kò mọ̀ sọ̀rọ̀, ilẹ̀ á ti ṣú.

Ilé Bàbá Hezekiah ni wọ́n fi mí wọ̀ sí. Bàbá Oníbupá ni gbogbo ayé ń pè wọ́n, nítorí àwọn ló kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ káàkiri àwọn abà yìí, tí wọ́n ń bupá fún àwọn ọmọdé láyé ìgbà tí ṣànpọ̀nná ń run ilé. N kò tíì pẹ́ níbí tí wọ́n fi ṣubú lójijì; apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì kò ṣiṣẹ́ mọ́. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ wọ́n. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tú aṣọ wọn, mo rí i pé ara obìnrin ni wọ́n gbé wá sáyé. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún tó ṣì lágbára di tèmi mú. Wọ́n ní, "Ọkùnrin ni mí, ọmọ mi. Bí mo ṣe mọ ara mi láti kékeré nìyẹn. Má jẹ́ kí wọ́n sin mí bí obìnrin."

Mo ṣèlérí. Láti ìgbà náà, èmi nìkan ni mò ń fọṣọ, èmi ni mò ń yí wọn padà, èmi ni mò ń tilẹ̀kùn. Àwọn ọkùnrin ìjọ Kérúbù wá, wọ́n ní kò yẹ kí ọmọbìnrin máa wẹ àgbà ọkùnrin, àwọn á rán ẹni méjì. Mo ní dókítà kò gbà. Irọ́ ni. Bí wọ́n bá gbé ọbẹ̀ wá, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń gbà á. Múyì, aládùúgbò wa, bi mí pé ṣé nọ́ọ̀sì ni mí àbí ìyàwó kékeré Bàbá.

Lánàá, mo gbàgbé láti tilẹ̀kùn, oorun sì gbé mi lọ níbi tí mo ti ń wẹ̀ wọ́n, kànìnkànìn lọ́wọ́. Nígbà tí mo lajú, Màmá Àpèkẹ́, ìyá ìjọ, ló dúró tì mí. Mo fò dìde, mo fẹ́ fi aṣọ bo Bàbá.

Màmá rẹ́rìn-ín. "Kí lò ń bò? Èmi àti bàbá yìí la jọ so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́dìí. Òun ló já tirẹ̀ dà nù. Ta ni kò mọ̀ lábà yìí? Ẹni tó gba àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ ikú ní ọkùnrin lòun, ta ló fẹ́ máa tú ṣòkòtò rẹ̀ wò? Àwọn ọkùnrin ni yóò wẹ̀ ẹ́, àwọn ni yóò sì gbé e sin lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀."

Bàbá ní, "Ẹ kò sọ ọ́ fún mi rí."

Màmá ní, "O kò bi wá."

Wọ́n gba kànìnkànìn lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n lọ sùn.

Ọmọ́ṣọlá, gbogbo ọ̀sẹ̀ tí mo fi ṣọ́ ilẹ̀kùn yẹn, kò sẹ́ni tó fẹ́ já a. Mo sùn títí di ìrọ̀lẹ́. Ohùn ọkùnrin ìjọ méjì ló jí mi. Wọ́n jókòó ti Bàbá, wọ́n ń bá wọn jiyàn lórí iṣu ọdún yìí.

Bá mi kí Màmá, kí o sì bá mi kí Joshua. Oorun tún ti ń gbé mi lọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò gbàgbé rẹ,
Títíladé