Wọ́n Ti Ń Sanwó fún Wa Láti Jókòó

Lorna ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Royce ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé òtútù Denver ti kásẹ̀ nílẹ̀? Ọlọ́run tó mú yín la òtútù já ni yóò mú yín la ooru náà já. Ara mi le, àfi orúnkún.

Ìròyìn tí mo fẹ́ fi tó ọ létí ni pé bàbá rẹ di òṣìṣẹ́. O mọ̀ pé ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti wà nínú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún tó ń bójú tó pápá bésíbọ́ọ̀lù àti adágún ìwẹ̀ Tull Creek níbí, ọ̀fẹ́ sì ni, àfi páì tí Opal Dressler alága wa máa ń gbé wá. Èmi ni mo ń fi ẹ̀rọ ara mi gé koríko pápá. Ní oṣù kìíní ni Opal ka òfin fún wa pé a lè máa gba ọgọ́rùn-ún dọ́là lẹ́nì kọ̀ọ̀kan nígbàkigbà tá a bá jókòó ìpàdé. Ó ní ṣé ẹnikẹ́ni lòdì sí i. Gbogbo wa tẹjú mọ́lẹ̀. Bí òfin owó náà ṣe wọlé nìyẹn.

Wọ́n ní kí n mú ìwé sọ̀wédowó kan wá kí wọ́n lè fi nọ́ńbà ara rẹ̀ máa san owó tààrà sí báǹkì mi, ṣùgbọ́n kí n kọ ọ́ gàdàgbà sí i lójú pé kò wúlò. Ó dùn mí. Mo sọ fún ọmọbìnrin tó ń gba fọ́ọ̀mù pé láti ọdún 1974, kò sí sọ̀wédowó mi kan tí báǹkì dá padà rí. Ó ní ẹ má bínú Bàbá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo kọ ọ́, àmọ́ mo kọ “ó wúlò” sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí Ọlọ́run lè rí òtítọ́.

Iṣẹ́ wá pọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù là ń pàdé tẹ́lẹ̀, ó di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìpàdé mẹ́ta la ṣe lórí àwọ̀ àga nìkan. Opal ò gbé páì wá mọ́, ó ní ẹni tó ń gbowó kì í tún jẹ páì. Nígbà tí mo gbé ẹ̀rọ mi lọ sí pápá ní oṣù kẹrin, lọ́yà ìgbìmọ̀ dá mi dúró, ó ní òṣìṣẹ́ tó ń gbowó ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, kí ìgbìmọ̀ gba agékoríko síṣẹ́. A jókòó lé e lórí lẹ́ẹ̀mẹ́fà, koríko sì dé mi lórúnkún. Ní ìpàdé keje, akápò ní owó agékoríko ti tán. Mo bi í pé kí ló jẹ ẹ́, ó ní ìpàdé ni.

Àwọn tó ń ṣètò ìdíje sì ti kọ̀wé pé bí pápá ò bá mọ́ kó tó di Sátidé, ìlú mìíràn làwọn yóò gbé ìdíje bésíbọ́ọ̀lù àwọn ọmọbìnrin ìlú wa lọ. Àtìgbà òtútù làwọn ọmọ yìí ti ń fi iwájú ṣọ́ọ̀ṣì múra sílẹ̀. Inú mi bàjẹ́, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo dìde, mo ní mo fipò sílẹ̀. Opal ní Merle, ṣé owó ò tó ọ ni? Mo ní owó tó mi, koríko ló pọ̀ jù. Wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n sì san ọgọ́rùn-ún dọ́là ọjọ́ náà fún mi.

Lọ́jọ́ kejì tí mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́, mo gbé ẹ̀rọ mi, mo lọ ṣiṣẹ́ ní pápá. Opal rí mi, ó dúró lẹ́bàá wáyà tó yí pápá ká, ó mú ráàkì jáde nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń kó koríko. Mo rán an létí pé òṣìṣẹ́ tó ń gbowó ò gbọdọ̀ ṣe ọ̀fẹ́. Ó ní kí n panu mọ́. Àwọn ọmọ gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé. Ẹgbẹ́ ìlú kejì nà wọ́n nínàkunà, ṣùgbọ́n nílé wa ni wọ́n ti nà wọ́n.

Jọ̀ọ́, fi ogójì dọ́là ránṣẹ́, abẹ ẹ̀rọ mi ti kán. Má bi mí pé níbo ni owó ìjókòó mi wà, mo ti kó gbogbo rẹ̀ padà fún akápò kó fi ṣí adágún ìwẹ̀ fún àwọn ọmọ nígbà ooru. Wọ́n ti pe ìpàdé lé e lórí, láti mọ̀ bóyá kí àwọn gba owó náà.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí owó oṣù rẹ tó ọ ná, kó sì fún ọ ní iṣẹ́ tí wàá ṣì máa ṣe bí wọn ò tiẹ̀ sanwó.

Èmi ni bàbá rẹ,
Merle